Orúkọ Tí Mo Fi Ẹ̀rọ Pè Kọjá

Nínú ilé wa, ibi tí ènìyàn ń gbé ni a fi ń pè é. Àbúrò bàbá mi obìnrin tó kọ́lé sí Kankon ni Àǹtí Kankon. Èmi tí mo ń gbé Ìjànikin ni Ìjànikin, bí ẹni pé èmi nìkan ni ìlú náà bí. Ẹ̀gbọ́n mi kan sì wà, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ti di olóògbé, tí gbogbo wa ń pè ní Bọ̀ọ̀dá Àjàṣẹ́. Àṣà tó rọrùn ni. Ó ń gba ènìyàn lọ́wọ́ wàhálà àtirántí orúkọ, pàápàá orúkọ tí kò bá wù ú kó rántí.

Bọ̀ọ̀dá Àjàṣẹ́ ni àkọ́bí nínú gbogbo ọmọ-ọmọ Ìyá àgbà. Ẹ̀gùn ni ìyá rẹ̀, ọmọ Àjàṣẹ́ ní òdìkejì bọ́dà, tó máa ń wá ra ẹja gbígbẹ ní ọjà Agbálátà nígbà tí òun àti ẹ̀gbọ́n bàbá mi pàdé. Kò sí ìdána, kò sí ìgbéyàwó. Ọmọ nìkan ló wà. Ìyá náà gbé ọmọ rẹ̀ padà sí ọ̀hún, ó tọ́ ọ dàgbà, ọmọ náà sì di ọkùnrin tó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe. Gbogbo ìgbà tí ẹbí bá péjọ ní Àgbádárìgì ló máa ń wá. Á jókòó sẹ́yìn, á jẹun, á kí gbogbo ènìyàn, á sì padà lọ. Tí wọ́n bá ní kí àkọ́bí ọmọ-ọmọ dìde, ọmọ Àǹtí Kankon ló máa ń dìde, ìyẹn Ẹnjiníà. Kò sí ohun ìní rẹ̀ kan tí kò kọ "Ẹnjiníà" sí lára, títí kan ẹ̀yìn àwọn àga oníke tí à ń yá lọ́wọ́ rẹ̀. Tí o bá jókòó nínú ilé wa, orí oyè ẹlòmíràn lo jókòó lé.

Ní ọdún tó kọjá, àìsàn gbé Ìyá àgbà dè. Nígbà tó dìde tán, ó ní òun fẹ́ dúpẹ́, ọ̀nà tí òun sì fẹ́ gbà dúpẹ́ ni pé kí gbogbo ọmọ-ọmọ òun kọjá níwájú òun lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n pe orúkọ ẹni náà sókè, kó wá kúnlẹ̀, kí òun gbé ọwọ́ lé e lórí, kí òun súre fún un. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ìdí nìyẹn tó fi ń fẹ́ gbọ́ orúkọ. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ohun tó mú kí Àǹtí Kankon gbé ojú sí òrùlé.

"Àkọ́bí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pè," ó ní. "Ti Àjàṣẹ́."

Ẹnì kan ní ó dáa, kí a kọ́kọ́ ka gbogbo wọn ká lè mọ iye oúnjẹ. Ìyá àgbà kọ̀. A kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ, kí wọ́n se oúnjẹ títí ìkòkò á fi kún. Ibẹ̀ ni mo ti dìde, èmi tí n kò mọ ìgbà tó yẹ kí n jókòó.

"Màmá," mo ní, "mo ní ohun kan tó ń pe ọmọ láì ka ọmọ."

Ó yẹ kí n sọ irú ẹni tí mo jẹ́. Mo ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní Python, èdè tí a fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, ní Ìjànikin. Iṣẹ́ kejì mi ni kíkọ ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ sínú ìwé ìròyìn, níbi tí mo ti ń fi àwọn tó ń ṣe bí ẹni pàtàkì ṣe ẹlẹ́yà. Ẹni tí mo ti nà jù lọ ni òṣìṣẹ́ tó ba iṣẹ́ jẹ́ tán tó wá wo ojú rẹ pé, "Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni." Mo ti fi ọ̀rọ̀ yẹn pa àwọn òǹkàwé mi lẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rò pé kò lè gba ẹnu mi jáde láéláé.

Ohun tí mo ní lọ́kàn rọrùn. Tí o bá kó orúkọ jọ sínú Python, o lè fi àṣẹ kan, iter, yan ẹni tí yóò máa fún ọ ní orúkọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Iterator ni wọ́n ń pè é. Èmi máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé apelọ́kọ̀ọ̀kan ni. Tí o bá sọ fún un pé next, á fún ọ ní ẹni tó kàn. Tí o bá tún sọ pé next, á fún ọ ní ẹni tó tẹ̀ lé e. Kò mọ iye àwọn tó wà níbẹ̀. Tí o bá bi í pé mélòó ló kù, àṣìṣe ló máa fi dá ọ lóhùn. Mo rò ó pé kò sí ohun tó tún lè bá òfin Ìyá àgbà mu jù bẹ́ẹ̀ lọ, mo sì sọ ọ́ fún gbogbo ilé bí ẹni pé èmi ni mo dá Python sílẹ̀.

Tẹ̀sùbáà Ìyá àgbà wà lọ́wọ́ rẹ̀, mo bá fi ṣàlàyé. "Àtàǹpàkò yín yìí, Màmá, kò mọ iye ìlẹ̀kẹ̀. Èyí tó kàn nìkan ló mọ̀." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọmọ òun kàwé. Apá kejì ẹ̀kọ́ náà ni n kò sọ, bẹ́ẹ̀ mo sì ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ: ibi tí o bá fi àtàǹpàkò sí ló máa wà. Tí o bá dáwọ́ dúró láti kí àlejò, ìlẹ̀kẹ̀ tó kàn ni wàá ti máa bá a lọ. Àwọn tí o ti kọjá wà lórí okùn síbẹ̀, kò sí ohun tó ṣe wọ́n, ṣùgbọ́n àtàǹpàkò ti fi wọ́n sílẹ̀.

Mo kó orúkọ gbogbo wa jọ, mo sì wá fọ́tò ẹnì kọ̀ọ̀kan. Mo ṣètò rẹ̀ pé tí mo bá ti tẹ bọ́tìnnì kan, fọ́tò àti orúkọ ẹni tó kàn á jáde gàdàgbà lójú tẹlifíṣọ̀n ńlá tí Ẹnjiníà yá wa. Àǹtí Kankon ni yóò di makirofóònù mú. Mo kìlọ̀ fún un dáadáa: ohunkóhun tó bá rí lójú tẹlifíṣọ̀n, kó ṣáà kà á sókè.

Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, mo ń so wáyà lábẹ́ kánópì nígbà tí Bọ̀ọ̀dá Àjàṣẹ́ wọlé. Aṣọ funfun ló wọ̀, ó sì fi ọwọ́ gbé etí aṣọ náà sókè kó má baà kan ilẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ mà tètè dé."

"Mo ní kí bọ́dà má baà dá mi dúró." Yorùbá rẹ̀ máa ń rìn bí ẹni tó ń gba orí afárá igi, pẹ̀lú ohùn Ẹ̀gùn lábẹ́ rẹ̀. "Àǹtí ńkọ́?"

"Wọ́n wà nídìí ìkòkò."

"Ṣé wọ́n mọ̀ pé mò ń bọ̀?"

Ìbéèrè yẹn dùn mí. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀yin ni àkọ́kọ́. Ẹ wá wò ó."

Mo tẹ bọ́tìnnì. Fọ́tò rẹ̀ jáde, èyí tí mo rí nínú àpótí Ìyá àgbà: ọmọdé kan tó dúró létí òkun, tí oòrùn mú kó fún ojú pọ̀. Ọwọ́ àgbàlagbà kan wà léjìká rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ni ọwọ́ náà kò sí nínú fọ́tò. Orúkọ rẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà ńláńlá.

Ó dúró síwájú tẹlifíṣọ̀n náà.

"Ọwọ́ bàbá mi nìyẹn," ó ní. "Ṣé bó ṣe máa tóbi tó nìyí lójú gbogbo ènìyàn?"

"Bó ṣe máa tóbi nìyí."

"Lórí tẹlifíṣọ̀n Ẹnjiníà."

"Lórí tẹlifíṣọ̀n Ẹnjiníà gan-an."

Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ó nu ọwọ́ sára aṣọ funfun náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ náà mọ́, ó sì ya tẹlifíṣọ̀n náà sínú fóònù rẹ̀. Mo mú un lọ sí àga iwájú. Ó ní ẹ̀yìn tẹ́ òun lọ́rùn. Mo ní kò ṣeé ṣe, àkọ́bí kì í jókòó sẹ́yìn. Inú mi dùn sí ara mi. Bí àwọn àlejò ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, mo pa tẹlifíṣọ̀n. Tẹlifíṣọ̀n nìkan ni mo pa.

Nígbà tí àwọn ènìyàn pé, wọ́n gbé Ìyá àgbà jókòó. Àǹtí Kankon gbá makirofóònù láti mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Mo tan tẹlifíṣọ̀n padà, mo gbé ìka mi sókè bí ẹni tó fẹ́ tẹ dùùrù, mo sì tẹ bọ́tìnnì.

Ẹnjiníà ló jáde, nínú kóòtù, ó ká apá mọ́ àyà.

Àǹtí Kankon pe orúkọ ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo oyè rẹ̀, kò sì kólòlò rárá. Ẹnjiníà ti dìde kó tó pè é tán. Ó wá kúnlẹ̀. Ìyá àgbà fi ọwọ́ kan orí náà, ó tẹ́tí díẹ̀.

"Ṣé òun nìyí?" ó bi wọ́n.

"Ẹ ṣáà súre, Màmá," Àǹtí Kankon ní.

Ẹnjiníà ò fọhùn. Àdúrà ló wá gbà, kò wá dáhùn ìbéèrè. Ìyá àgbà bá súre fún un, ìre tó ti ń tọ́jú láti ìgbà tó dìde àìsàn: "Ìwọ tó ṣáájú, wọn ò ní fi ọ́ ṣe ìkẹyìn."

Mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kí ọwọ́ Ìyá àgbà tó kúrò lórí rẹ̀. Apelọ́kọ̀ọ̀kan mi ti pe Bọ̀ọ̀dá láàárọ̀. Kò mọ̀ pé ìdánwò ni, kò mọ̀ pé èmi kan ń fi í ṣe fáàrí fún ènìyàn ni. Ẹni tó kàn ló fún mi. Kò sì sí bọ́tìnnì tó lè dá a padà sẹ́yìn, nítorí iwájú nìkan ni iterator mọ̀. Ohun tó kù fún mi ni pé kí n dá ètò náà dúró, kí n bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ń pàtẹ́wọ́. Aládùúgbò kan ń fi fóònù rẹ̀ ya kọ̀ǹpútà mi. Tí mo bá dá a dúró, ojú tẹlifíṣọ̀n á dúdú, lẹ́tà wẹẹrẹ á kún ibẹ̀, wọ́n á ní iṣẹ́ Ìjànikin ti bàjẹ́. Mo sọ fún ara mi pé màá pe Bọ̀ọ̀dá kẹ́yìn, bí àlejò pàtàkì tí wọ́n máa ń fi kádìí ètò. Mo tiẹ̀ ti ro ọ̀rọ̀ apanilẹ́rìn-ín tí màá fi pè é. Mo tún bọ́tìnnì tẹ̀.

N kò wo àga iwájú. Bọ́tìnnì ni mò ń wò. Ẹnì kan kúnlẹ̀, ó dìde, mo tẹ bọ́tìnnì. Ẹlòmíràn kúnlẹ̀, ó dìde, mo tẹ bọ́tìnnì. Iṣẹ́ náà dùn ún wò, gbogbo ènìyàn ló sọ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ẹni tó kàn kò bá sí mọ́, Python kì í dákẹ́. Ó máa ń ké StopIteration, pé ìpè ti tán. Mo máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé kí wọ́n pèsè sílẹ̀ de igbe yẹn. Èmi kò pèsè. Fọ́tò ọmọ tó kéré jù lọ kúrò lójú tẹlifíṣọ̀n, ọ̀rọ̀ pupa sì bo ibẹ̀. Àǹtí Kankon, ẹni tí mo ti kìlọ̀ fún pé kó ka ohunkóhun tó bá rí, gbé makirofóònù sẹ́nu.

"Sitọ́ọ̀pù Itaréṣọ̀n," ó ní. Ẹnikẹ́ni kò dìde. "Sitọ́ọ̀pù Itaréṣọ̀n, máa bọ̀ jàre. Ọmọ ta ni?"

"Ọmọ òyìnbó ni," ẹnì kan ní láti ẹ̀yìn. "Ẹ bi Ẹnjiníà léèrè, òun ló lọ òkè òkun."

Ẹ̀rín gba abẹ́ kánópì. Àwọn kan ń na ara wọn lọ́wọ́. Ìyá àgbà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ti na ọwọ́ rẹ̀ síwájú, sí ibi tí orí yẹ kó wà, ó sì ń dúró.

"Ẹ jẹ́ kó wá," ó ní. "Ọmọ mi lòun náà."

Ẹ̀rín náà bẹ̀rẹ̀ sí í tán níbì kan lẹ́yìn òmíràn. Ọwọ́ náà ṣì wà nínú afẹ́fẹ́. Ìyá àgbà yí ojú tí kò ríran dáadáa síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó ní, "Ti Àjàṣẹ́ dà? N ò tíì gbọ́ orúkọ rẹ̀."

Gbogbo wa wo àga iwájú. Kò sí ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀. Ohun tó kọjú sí wa ni oyè tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn àga náà.

"Kọ̀ǹpútà ni kò pè é, Màmá," Àǹtí Kankon ní. "Ẹ bi Ìjànikin."

Mo la ẹnu. Gbogbo ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ mi ní yunifásítì wà níbẹ̀, ó ń dúró pé kí n lò ó. Ohun tó jáde ni, "Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni, Màmá."

Kò sí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kankan nínú ọ̀rọ̀ náà. Wáyà kan péré ló so kọ̀ǹpútà mi mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Obìnrin kan tó máa ń ka ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ mi fi imú rẹ́rìn-ín, ó sì wolẹ̀ kó má baà rí ojú mi. Mo fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀, mo jáde.

Mo bá Bọ̀ọ̀dá ní ibi tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ tó ń lọ bọ́dà Sẹ̀mẹ̀. Orí bẹ́ǹṣì ló jókòó sí, ó ká etí aṣọ funfun náà sórí itan. Ọkọ̀ kò tíì kún.

"Bọ̀ọ̀dá."

"Ìjànikin." Ọ̀nà ló ń wò.

Mo jókòó tì í, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni mo ń gbọ́ bó ṣe jọ irọ́. "Ẹ̀rọ náà ti pè yín láàárọ̀. Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́ kí ẹ lè rí i, ó gbà pé òun ti pè yín tán. Kì í padà sẹ́yìn."

"Òótọ́ ni," ó ní. "Ó pè mí. Ìwọ nìkan ló gbọ́."

Mo wo ọkọ̀ náà bóyá ó ti kún.

"Nígbà tí wọ́n pe Ẹnjiníà," ó ní, "o rí i pé kì í ṣe òun ló kàn?"

"Mo rí i."

"O sì ń tẹ̀ ẹ́ lọ."

"Mo ń tẹ̀ ẹ́ lọ, Bọ̀ọ̀dá."

Ó mi orí díẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe tó bá ti gbọ́ ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń dún. "Ìyẹn kì í ṣe ti ẹ̀rọ nígbà náà."

"Kì í ṣe ti ẹ̀rọ."

Awakọ̀ kígbe pé Sẹ̀mẹ̀ ku ẹnì kan. Bọ̀ọ̀dá dìde. Bóyá ìtìjú ló mú mi sọ èyí tó tẹ̀ lé e, bóyá n kò mọ ohun mìíràn tí mo lè sọ. Mo sọ fún un nípa Sitọ́ọ̀pù Itaréṣọ̀n: bí Àǹtí Kankon ṣe fi makirofóònù wá a, bí wọ́n ṣe fi lé Ẹnjiníà lọ́wọ́. Ẹ̀rín fẹ́ yọ lẹ́nu rẹ̀. Mo ní Ìyá àgbà na ọwọ́ sí i.

"Sí ta ni?"

"Sí Sitọ́ọ̀pù. Wọ́n ní ọmọ àwọn lòun náà, ká jẹ́ kó wá."

Ó dúró, ẹsẹ̀ kan wà lẹ́nu ọkọ̀. "Wọ́n ti gbé ọwọ́ náà sílẹ̀?"

"Wọn ò tíì gbé e sílẹ̀ nígbà tí mo jáde."

Awakọ̀ ní kí ó wọlé tàbí kó yà fún ẹlòmíràn. Bọ̀ọ̀dá sọ̀ kalẹ̀, obìnrin kan tó gbé agbọ̀n sì gba ipò rẹ̀.

"Mi ò fẹ́ kí wọ́n pè mí kẹ́yìn," ó ní. "Ṣé ó ṣeé bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀?"

"Èyí tó parí ti parí," mo ní. "Ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ṣe àwọn orúkọ náà. A ó kàn yan apelọ́kọ̀ọ̀kan tuntun tí yóò pè wọ́n."

"Yàn án nígbà náà."

Nígbà tí a fi máa dé, oúnjẹ ti wà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn. Mo ní kí Àǹtí Kankon jọ̀ọ́ tún makirofóònù gbé. Ó ní òun kò lè pe ọmọ ènìyàn lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni ń wá ewúrẹ́ tó sọnù, ó sì gbé e lé mi lọ́wọ́. Àwọn ọmọdé ni inú wọn dùn jù. Wọ́n ní ìre ẹ̀ẹ̀mejì sàn ju ẹyọ kan. Mo sọ fún gbogbo ènìyàn pé kì í ṣe nẹ́tíwọ̀ọ̀kì. Mo ní èmi ni mo tẹ̀ ẹ́ ṣáájú àkókò, mo rí i pé mo ti fo ẹnì kan, mo sì ń bá a lọ. Wọ́n dáwọ́ oúnjẹ dúró. Obìnrin tó ń ka ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ mi kò fi imú rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí, èyí sì burú ju ẹ̀rín lọ.

Mo tẹ bọ́tìnnì. Ọmọdé etí òkun náà jáde, pẹ̀lú ọwọ́ tó wà léjìká rẹ̀. Mo gbé makirofóònù sẹ́nu láti pe orúkọ rẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé n kò pe orúkọ náà rí. Mo ti tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, mo ti yẹ lẹ́tà rẹ̀ wò, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, Bọ̀ọ̀dá Àjàṣẹ́ ni mò ń pè é. Orúkọ Ẹ̀gùn ni. Mo pè é bí Yorùbá, àwọn Ẹ̀gùn etí ọ̀sà tó wà láàárín àlejò sì wo ara wọn. Bọ̀ọ̀dá dúró lójú kan. Ó pe orúkọ náà fún mi, kò pariwo. Mo tún un pè. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó tún pè é, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń kọ́ ọmọ ní ọ̀rọ̀, níṣojú ẹbí, níṣojú Ẹnjiníà, níṣojú àwọn tí mo ti ń fi ẹ̀kọ́ mi halẹ̀ mọ́ láti àárọ̀.

Mo tún un pè.

"Ó ti súnmọ́ ọn, nọ̀ví," ó ní. Ohun tí àwọn Ẹ̀gùn ń pe ọmọ ìyá ẹni nìyẹn.

Ó wá kúnlẹ̀. Ìyá àgbà gbé ọwọ́ lé orí rẹ̀.

"Ṣé òun nìyí?" ó bi wọ́n.

Ẹnikẹ́ni kò dá a lóhùn, nítorí kò sí ẹlòmíràn nínú ẹbí tó lè pe orúkọ náà bó ṣe yẹ. Òun fúnra rẹ̀ ló pè é. Ìyá àgbà tún un pè tẹ̀ lé e, ohùn tirẹ̀ sì gún régé, ó wá bẹ̀rẹ̀ ìre náà láti ìbẹ̀rẹ̀: "Ìwọ tó ṣáájú."

Ẹnjiníà ti dìde lórí àga rẹ̀, ó ń tún fìlà rẹ̀ ṣe, ó ń wò mí pé kí n tẹ ẹni tó kàn. Ìre náà ń gùn síwájú sí i. Mo gbé ìka mi kúrò lórí bọ́tìnnì, mo sì fi ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn.